Ọjọ́ tí Àmù Ìyá Àgbà Gbẹ

Nígbà tí a wà ní kékeré ní Ìlá Ọ̀ràngún, omi tútù kì í ti ara ilẹ̀kùn jáde. Inú àmù ló ń wà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí: àmù amọ̀ ńlá, a ó rì í sínú iyanrìn tútù ní igun yàrá, a ó fi àwo dé e lórí. Ti Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Òórùn amọ̀ máa ń ta sánsán lára omi inú rẹ̀, á sì tutù dé ìdí eyín.

Èmi ni mo ń pọnmi sí i. Garawa mẹ́ta láti odò ní àárọ̀ kùtù, òṣùká lórí, kí n tó fojú kan ẹ̀kọ àti àkàrà. Bí mo bá wọlé tí aṣọ mi rin gbingbin, Ìyá àgbà á ní, "Ṣé àmù lo pọnmi fún ni, àbí ẹ̀yìn ara rẹ?" Kì í nà wá. Ohun kan ṣoṣo ni kì í fi ṣeré: àlejò ò gbọ́dọ̀ jókòó nílé rẹ̀ kó má mu omi. Ó máa ń ní, "Omi la fi ń mọ̀ pé wọ́n fẹ́ wa níbi tí a dé."

Ní ọdún tí mo wà ní ìwé márùn-ún, ìyẹn nígbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba padà, àbúrò bàbá mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi fíríìjì ńlá kan ránṣẹ́. Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e wọlé. Yéè! Ihò kan wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí o bá fi ife ti ahọ́n kékeré inú ibẹ̀, omi tútù á dà. Bí o bá ti èkejì, yìnyín á já bọ́. Ó ń ṣe yìnyín fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní bomi sínú abọ́ fún un. Àmọ́ ó fẹ́ kí páìpù wà lẹ́yìn òun, bẹ́ẹ̀ omi ẹ̀rọ ìlú lè tó oṣù méjì kó tó yọjú. Bàbá mi, tíṣà ni, kò gbà fún un. Ó to búlọ́ọ̀kù sókè lẹ́yìn fèrèsé pálọ̀, ó gbé dúrọ́ọ̀mù lé e, ó fa rọ́bà láti ibẹ̀ wọlé dé ẹ̀yìn fíríìjì. Àwa ọmọ ló wá ń pọnmi láti odò, tí à ń gun búlọ́ọ̀kù, tí à ń dà á sínú dúrọ́ọ̀mù, kí fíríìjì lè máa dá fún wa lómi. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀rọ yìí mà gbọ́n o! Ó ti rí ẹrú."

Omi ọ̀hún ń kán tó, tó, yìnyín rẹ̀ tín-ín-rín bí èékánná, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ kí ọmọdé ṣe? À ń rún un wómúwómú. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń wá tẹ̀ ẹ́, débi pé bàbá mi ń ti pálọ̀ pa bó bá ti ń jáde, á sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ó wá ṣòfin pé ẹni tó bá pọnmi jù sí dúrọ́ọ̀mù ni yóò kọ́kọ́ jẹ yìnyín. Òfin yẹn ló bà mí jẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, nígbà ọlidé, Ìyá àgbà bi mí látinú yàrá bóyá mo ti pọnmi sí àmù. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Irọ́ ni. Garawa márààrún tí mo pọn, dúrọ́ọ̀mù ni mo dà wọ́n sí. Mo rò pé omi àná á ṣì kù.

Ọ̀sán gangan ni Ìyá Ìrẹsì dé. Òun àti Ìyá àgbà jọ dàgbà ni, kí ọkọ tó gbé e lọ sí Ìrẹsì. Bó bá ti ta iṣu rẹ̀ tán lọ́jọ́ ọjà, á yà kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó wọ takisí. Eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú.

"Arúgbó ń nájà!" ni Ìyá àgbà fi kí i.

"Ìwọ arúgbó tó ń jókòó sílé ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà mú ahá, igbá kékeré tó fi ń bu omi, ó tì í bọ inú àmù. Mo gbọ́ ọ níbi tí mo dúró sí: igbá ń ha ìdí àmù. Ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ó tún ha. Ìyá àgbà wá gbójú sókè, ó wò mí.

"Òǹgbẹ ò tilẹ̀ gbẹ mí, ọ̀rẹ́ mi," ni Ìyá Ìrẹsì wí, ó sì ń fi ahọ́n lá ètè.

Bàbá mi wà lóko, kọ́kọ́rọ́ pálọ̀ wà lápò rẹ̀. Mo sáré gun búlọ́ọ̀kù lọ bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, takisí Ìrẹsì ti ń fọn fèrè. Mo gbé garawa sáré dé ojú títì, ọkọ̀ ti gbé Ìyá Ìrẹsì lọ, eruku nìkan ni mo bá.

Oṣù yẹn ò parí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé Ìyá Ìrẹsì ti kú. Ìyá àgbà jókòó sórí ẹní, kò sunkún. "Ọ̀rẹ́ mi dé ilé mi, mi ò fún un lómi." Ohun tó ń sọ ṣáá nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Kò nà mí, kò bú mi. Háà, ì bá kúkú nà mí! Ọmọbìnrin aládùúgbò wa ló pè pé kó máa pọnmi sí àmù òun. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú garawa mi, ọmọ náà gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Títí Ìyá àgbà fi kú, kò rán mi ní omi mọ́.

Lónìí, irú fíríìjì yẹn wà nílé mi n'Íbàdàn, páìpù gidi ló so mọ́ ọn. Omi rẹ̀ ń dà ṣọ̀ọ̀, yìnyín rẹ̀ tó ìka àtàǹpàkò. Bí àlejò bá wọlé, àwọn ọmọ mi kì í gbójú kúrò lára fóònù, wọ́n á ní, "Ẹ tẹ ibẹ̀ yẹn, mà, á dà." Inú mi a máa bàjẹ́. Mo sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, ó ti sú mi. Nísinsìnyí, èmi fúnra mi ni mo ń dìde bu omi, bó ti wù kó rẹ̀ mí tó, mo sì ń kúnlẹ̀ gbé e fún àwọn tó bá dàgbà jù mí lọ. Wọ́n á mu ún, wọ́n á ṣàdúrà fún mi. Èmi á máa wo ètè wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ Ìyá Ìrẹsì nínú wọn.