Bá Mi Wò Ó

Tí o bá gba Warehouse Road kọjá láàárọ̀, òórùn dísẹ́ẹ̀lì ló máa kọ́kọ́ kí ọ. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì wa wà nígbà náà, yàrá kan lókè ilé ìkẹ́rùsí. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún wa pé ká kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa to àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté Tin Can sórí ìlà, kí fóònù awakọ̀ dún nígbà tó bá kàn án, kí àwọn tó ń ta ipò orí ìlà lójú títì lè wábi gbà.

Ọ̀gá mi ní ká kọ bí ìlà náà ṣe gbọ́dọ̀ rí látòkèdélẹ̀ kí tírélà kankan tó wọ inú rẹ̀. Èmi ní ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú géètì kan, ká wo ìṣe àwọn awakọ̀, ká máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ àti jẹ́-ká-wò-ó-ná rẹ! Tí a bá ti kọ ọ́ dáadáa, àwọn ni wọ́n máa tẹ̀ lé e.” Ó wá pàṣẹ sínú ètò náà: ọkọ̀ kan, awakọ̀ kan. Ẹni tí kò bá tẹ ìka mọ́ fóònù nídìí ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá béèrè, ìdí ìlà ló ń padà sí.

Ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ ní àṣà tiwọn. Tí ara ẹnì kan kò bá yá, tàbí tó fẹ́ lọ kírun Jímọ̀ọ́, á ju kọ́kọ́rọ́ sí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀: “Ọ̀rẹ́, bá mi wò ó.” Onítọ̀hún á máa bá a sún ọkọ̀ rẹ̀ síwájú títí á fi dé. Bàbá ará Ìsẹ́yìn kan, awakọ̀ tírélà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí yàrá tí mò ń gbé ní àdúgbò Boundary, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ráyè lọ sí ọsibítù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo sọ fún ọ̀gá. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń ta ipò ń gbà wọlé. Kò kúkú parọ́.

Nígbà tí ètò bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń ta ipò pòórá lóòótọ́. A pàtẹ́wọ́ fún ara wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó Bàbá, tó gbé oúnjẹ lọ bá a lórí ìlà, pè mí lórí fóònù. “Orí ń fọ́ Bàbá, ọwọ́ òsì rẹ̀ ò gbé nǹkan mọ́. Mo ní ká lọ ọsibítù, ó ní wọ́n á gba ipò òun. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ṣe nǹkan yìí!”

Mo bẹ Bàbá lórí fóònù pé kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. “Ọmọ mi, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí. Tí wọ́n bá dá mi padà sẹ́yìn, olówó ọkọ̀ á gbà á lọ́wọ́ mi.”

Mo sáré bá ọ̀gá. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ojú tì í. “Kò sí ibi tí mo lè fọwọ́ kàn. Bí a ṣe kọ ọ́ nìyẹn.” Mo fẹsẹ̀ sáré gba àárín àwọn tírélà lọ. Kí n tó dé, àwọn awakọ̀ ti tẹ́ Bàbá sórí ẹní ìkírun rẹ̀. Bàbá ti jáde láyé.

Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe ń ti itẹ́ òkú bọ̀, fóònù Bàbá dún. Ìyàwó rẹ̀ nà án sí mi, torí kò mọ̀wé kà. “Kí ni wọ́n wí?” Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: Ẹ kò sí nídìí ọkọ̀ yín. Ẹ padà sẹ́yìn ìlà. Mo ní kò sí nǹkan kan, Ìyá.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wá ní kí n fi bá-mi-wò-ó kún ètò náà. Kò gbà mí ju ọ̀sán kan lọ, háà! Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá gbé ètò tó pé pérépéré wá bá mi, mo máa ń béèrè pé, tí ara ẹnì kan ò bá yá ńkọ́? Wọ́n á ní mo ti tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá ṣì wà ní Boundary. Wọn ò tún bi mí ní ohun tó wà nínú fóònù náà, èmi náà ò sì tíì sọ fún wọn.