Ẹ̀rọ Tó Ń Gbé Inú Ọ̀rá

Nígbà tí ìjọba fún ilé àyẹ̀wò oúnjẹ ẹran ọ̀sìn wa ní Àpápá lówó, wọ́n kun ògiri, wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n sì ya fọ́tò bí ẹni ń ṣègbéyàwó. Kẹ́míkà tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó rà á. Títí dòní, inú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá ni ẹ̀rọ náà wà.

Obìnrin kan tó ń sin adìẹ gbé oúnjẹ wọn tó ti bu wá bá mi. Òjò ló pa àgbàdo rẹ̀ nínú tírélà ní èbúté Tin Can. Adìẹ rẹ̀ sì ti ń kú.

"Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mà."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò padà wá mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì yà sílé màmá mi l'Ájégúnlẹ̀. Wọ́n gbé ìrẹsì àti adìẹ síwájú mi.

"Owó adìẹ yìí ò wọ́n rárá," ni wọ́n wí. "Ẹni tó ń sìn wọ́n ní wọ́n ń kú, ló bá yáa pa àwọn tó kù tà. Ìwọ tó wà nídìí àyẹ̀wò, ṣé kò lè ṣe wá ní nǹkan?"

Mo lanu. "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo fi itan adìẹ náà dí ẹnu mi.