Ẹ̀rọ Ìlọta Màámi àti Gìtá Tíṣà

Òórùn méjì ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọ̀kan ni ti ata rodo tútù láti iwájú ilé. Èkejì ni ti eruku tó ń jóná lára fáàfù, láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀yin ojúgbà mi tí ẹ kò gbọ́ òórùn kejì yìí rí, ẹ rántí bí gílóòbù àtijọ́ ṣe máa ń rùn bí kòkòrò bá kú mọ́ ọn lára, kí ẹ wá fi òórùn pákó tí oòrùn pa díẹ̀ sí i. Yàrá àárín ni àwọn òórùn méjèèjì ti máa ń pàdé, lórí ẹní mi gan-an. N ó sín kí n tó lajú.

Arákalẹ̀ ni ilé wa wà, ní Àkúrẹ́. Màámi ló ni iwájú ilé. Ẹ̀rọ ìlọta wọn, èyí tó ń lo iná mànàmáná, wà lábẹ́ páànù létí títì, àwọn obìnrin àdúgbò á sì ti to abọ́ ata sílẹ̀ dè wọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Bàámi ló ni ẹ̀yìn. Rédíò ni wọ́n ń tún ṣe tí a fi ń jẹun, ṣùgbọ́n ampilifáyà gìtá ni ọkàn wọn wà, irú ti àtijọ́ tó ń lo fáàfù: gíláàsì kéékèèké tí iná pupa máa ń ràn nínú wọn bí ẹyin iná lábẹ́ eérú. Bí ẹnìkan bá gbé ti ẹ̀ wá pé kò dún mọ́, bàámi á tún un ṣe, ó tán. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá gbé ti ẹ̀ wá pé ó ń dún o, kò kàn dùn ni, ìgbà yẹn ni ojú wọn máa ń tàn. Wọ́n á yọ kọ̀ńdẹ́ńsà kan, wọ́n á jó òjé mọ́ òmíràn, wọ́n á lu okùn gìtá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí adìẹ tó gbọ́ ìró àwòdì. "Etí ló ń tún nǹkan ṣe," ni wọ́n máa ń wí. "Ọwọ́ kàn ń jíṣẹ́ fún un ni."

Wáyà kan ṣoṣo ló gbé iná wá sílé wa láti orí òpó, wáyà náà sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bí màámi bá ti tan ẹ̀rọ wọn báyìí, gílóòbù ẹ̀yìnkùlé á rẹ̀wẹ̀sì, á wá pọ́n bí ọsàn. Bàámi á pariwo láti ẹ̀yìn pé:

"Ìyá Bọ́sẹ̀, o tún ti mu iná mi."

Màámi á dáhùn láàárín ariwo ẹ̀rọ: "Mo mu ún, mo sì ti pò ó mọ́ ata. Ẹ óò jẹ ẹ́ lọ́sàn-án."

Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín, èmi á fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé e.

Nígbà náà ni Tíṣà Akíntádé dé sí ọ̀rọ̀ wa. Ọmọ Oǹdó ni, ó ń kọ́ni nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àkúrẹ́, ènìyàn gíga tí ṣòkòtò rẹ̀ kì í fẹ́ dé ọrùn ẹsẹ̀. Gìtá ló ń ta bí ó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Ó gbé ampilifáyà rẹ̀ wá, ó jókòó, kò sì sọ ohun tó gbé e wá títí ó fi mu omi tán.

Màmá rẹ̀ ni. Láti ìgbà ọmọge ni màmá náà ti ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Óǹdó. Bí ìkórè bá dé, tí wọ́n ń pe ìdílé kọ̀ọ̀kan síwájú, òun ló máa ń gbé orin ilé wọn. Àìsàn ọ̀nà ọ̀fun wá mú un. Ara yá, ṣùgbọ́n ohùn kò padà wá. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àṣírí ló kù tó ń sọ̀rọ̀. Ní ìkórè tó tẹ̀ lé e, wọ́n pe ìdílé wọn, ọ̀kan gbé orin náà sókè jù, èkejì já a sílẹ̀, wọ́n dé iwájú pẹpẹ bí ẹni tó ṣìnà. Màmá náà fi gèlè bo ojú.

"Ìkórè mìíràn ti ń bọ̀," ni Tíṣà wí. "Gìtá ni mo fẹ́ kó gbé e lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó pariwo, Ọ̀gá. Mo fẹ́ kó kọrin. Ohùn màmá mi máa ń ya díẹ̀ bó bá dé òkè, bí aṣọ tó ti gbó tó wá rọ̀. Ibi tó ti ń ya yẹn gan-an ni mo ń wá."

Bàámi ti mú irinṣẹ́. Wọ́n ti ń tú ẹ̀yìn ampilifáyà náà.

Nítorí iṣẹ́ ilé ìwé, ọjọ́ Sátidé nìkan ni Tíṣà ń ráyè wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Sátidé dé, ó wá. Òmíràn dé, ó tún wá. Bàámi á yí nǹkan kan padà, Tíṣà á ta gìtá, wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á mi orí. Àfi Sátidé kan tí mo ń gbé omi kọjá, tí mo gbọ́ tí gìtá náà gun òkè orin, tí ohùn rẹ̀ sì ya, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tí omi sì wà lójú rẹ̀. Mo gbé omi náà dúró lórí. Tíṣà yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún.

Ibẹ̀ ló yẹ kí a fi mọ. Ṣùgbọ́n ta ni bàámi í ṣe tí wọ́n á fi ọwọ́ kúrò lára ohun tó dára, tí wọ́n bá rò pé ó lè dára sí i?

"Iná yìí ni ò jẹ́ kí n parí ẹ̀," ni wọ́n wí. "Iná tó ń rẹ̀wẹ̀sì báyìí. Bó bá lè dúró gbọn-in, ohùn yìí á dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kejì, wọ́n pe màámi jókòó. Wọ́n ní kí màámi bá àwọn gbé ẹ̀rọ náà kúrò nílé títí ìkórè yóò fi kọjá. Màámi wo iwájú ilé. Àwọn ló wá ojúkò náà fúnra wọn, àwọn ló mú kí àdúgbò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń ká etí aṣọ wọn, wọ́n tún ń tẹ́ ẹ padà. Nígbẹ̀yìn wọ́n ní:

"Torí màmá yẹn ni o. Kì í ṣe torí yín."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alhaja kan tó ń ta ẹ̀wà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀rẹ́ wọn nínú ọjà, ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ. Ṣùgbọ́n alọta mìíràn ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Bí mo bá gbé oúnjẹ lọ bá wọn lẹ́yìn ilé ìwé, n ó bá wọn lórí àpótí, wọ́n ká ọwọ́ sórí itan, ẹnu ẹ̀rọ gbẹ táútáú. Mi ò rí màámi kí wọ́n jókòó láìṣiṣẹ́ rí. Ó bà mí lẹ́rù.

Sátidé dé. Iná dúró gbọn-in bí sójà. Bàámi fi ọwọ́ ra ọwọ́. Tíṣà lu gìtá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí àwo tánńganran tó já lu sìmẹ́ńtì ló ṣe dún. Ó mọ́ gaara, ó le koránkorán, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀, kò sí omijé. Ó gun òkè orin bí ẹni tó ń gun àkàbà, kò ya rárá.

Bàámi pààrọ̀ fáàfù. Wọ́n dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Wọ́n tú kọ̀ńdẹ́ńsà, wọ́n tún un jó mọ́ ọn. Sátidé tó tẹ̀ lé e, bákan náà ni. Oúnjẹ kò wọ̀ wọ́n mọ́. Wọ́n á kó òkèlè, wọ́n á gbàgbé rẹ̀ sọ́wọ́. Màámi máa ń wí pé ata tí a bá kánjú lọ̀, eyín ni yóò parí rẹ̀. Lásìkò yìí, màámi ò wí i, wọ́n kàn ń wo bàámi.

"Bóyá etí mi ni, Ọ̀gá," ni Tíṣà wí.

"Etí rẹ kọ́. Èmi náà gbọ́ ọ."

Ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní Sátidé tí Tíṣà fẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ lọ bó ṣe wà, tó ní Ọlọ́run kúkú mọ ọkàn àwọn, màámi wọlé lọ́sàn-án gangan. Kò sí oníbàárà. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, wọ́n wòkè.

"Iná yín mà funfun o, Bàbá Bọ́sẹ̀. Bí ilé ìyàwó tuntun. Mo lérò pé ẹ ń gbádùn ẹ̀?"

Bàámi gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn náà gbé ojú sókè. Láti ìgbà tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀, ampilifáyà ni gbogbo wa ń wò. Kò sẹ́ni tó wo gílóòbù. Wọ́n wò ó pẹ́ títí Tíṣà náà fi ń wò ó.

"Ìyá Bọ́sẹ̀," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́, "lọ́jọ́ tí gìtá yìí kọrin, ṣé ò ń lọ ata?"

"Ọjọ́ Sátidé? Ìgbà wo ni mi ò lọ ata?"

Bàámi jókòó sórí páálí rédíò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn, ìtìjú wà nínú rẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún wa: fáàfù tí iná bá yó, ṣe ló máa ń dúró ṣánṣán. Bí iná rẹ̀ bá dín díẹ̀, á rọ̀, á tẹ̀ bí a bá fi agbára lu okùn, ohùn á sì ya. Ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n lé jáde nílé ló ń bá wọn dín iná ọ̀hún láti ọjọ́ yìí wá.

A yá ọmọláńke lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tí a dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alhaja, màámi jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn ti di ará ibí.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, jẹ́ ká máa lọ," ni bàámi wí.

"Èmi kọ́ lẹ lé jáde. Ẹ̀rọ ni kẹ́ ẹ bẹ̀."

Èrò ọjà ti ń dúró wòran. Bàámi wọ̀tún wòsì, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n tẹrí ba fún ẹ̀rọ náà: "Ẹ̀rọ, jọ̀ọ́, máa bọ̀ nílé."

Alhaja rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́. "Ìyá Bọ́sẹ̀, fojú àánú wò ó, àgbà ni."

"Ó yá," ni màámi wí, wọ́n dìde. "Ó di ulé." Bí ọ̀rọ̀ bá dùn mọ́ wọn ni ohùn Àkúrẹ́ máa ń yọ lẹ́nu wọn bẹ́ẹ̀.

Alhaja bu ẹ̀wà rírẹ fún wa pé kí a fi tan ẹ̀rọ. Bí a ṣe délé, màámi dà á sí i, gílóòbù pọ́n, Tíṣà lu okùn. Ohùn náà ya. Ó padà wá gẹ́lẹ́ bó ṣe wà.

"Ó wá ku bí a ó ṣe gbé ẹ̀rọ ìlọta wọ ṣọ́ọ̀ṣì l'Óǹdó," ni Tíṣà wí. "Ẹ̀gbẹ́ akọrin ni ká tò ó sí àbí ẹ̀gbẹ́ ìyá?"

Ṣùgbọ́n bàámi ti mú ohun tí wọ́n fi ń wọn iná, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ wáyà. Wọ́n pariwo síta: "Máa lọ̀ ọ́ o, Ìyá Bọ́sẹ̀. Má dúró." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún màámi.

Wọ́n wá tíránsífọ́mà ògbólógbòó kan, wọ́n tún wáyà rẹ̀ wé títí iná tó ń ti inú rẹ̀ jáde fi bá ti ìgbà tí màámi ń lọ ẹ̀wà mu. Wọ́n dè é sínú ampilifáyà, wọ́n fi súìṣì kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ sókè, iná á yó. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, màámi ń lọ ata nìyẹn.

Gbogbo wa la lọ s'Óǹdó. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì náà lágbára, iná rẹ̀ funfun báláú. Nígbà tí wọ́n pe ìdílé Akíntádé, bàámi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tẹ súìṣì sísàlẹ̀. Gìtá gbé orin náà. Màmá arúgbó ló ṣíwájú, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ohùn kò jáde. Nígbà tí orin dé òkè, níbi tí ohùn tirẹ̀ ti máa ń ya láyé ọjọ́un, ohùn gìtá ya. Màmá náà dúró. Ó gbé ọwọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án wò, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ibẹ̀ lohùn ti wá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí jó.

Màámi tẹ́nu mọ́ mi létí. "Bọ́sẹ̀," ni wọ́n wí, "ata ọ̀hún kúnná."

Bàámi ti lọ, màámi náà ti tẹ̀ lé wọn. Èmi ni mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé náà báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbé ampilifáyà wọn wá bá mi láti Ìbàdàn àti Èkó, wọ́n ń pè mí ní Àǹtí Fáàfù. Wọ́n á ní ó ń dún, Àǹtí, kò kàn dùn. Sólà ló wà lórí òrùlé mi, iná mi kì í rẹ̀ láàárọ̀, kì í rẹ̀ lọ́sàn-án. Irú iná tí bàámi wá nígbà náà nìyẹn, mo sì ní in.

Mo máa ń rántí ọmọ tó ń fi ọwọ́ méjèèjì di etí nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ké. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ wà lẹ́yìn ilé, ariwo wà níwájú. Kò mọ̀ pé orí wáyà kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì wà. Èmi tí mo ti dàgbà yìí, etí ni mo ń nà síwájú ilé báyìí, nǹkan kan kì í sì í ké níbẹ̀.

Nítorí náà, n kì í jẹ́ kí ampilifáyà kan kúrò lọ́dọ̀ mi láìfi súìṣì kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀. Mo sì so gílóòbù àtijọ́ kan mọ́ tíránsífọ́mà tí mo fi ń dán wọn wò, tí òun náà ní súìṣì tirẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, bí mo bá ti parí ọ̀kan, n ó ta gìtá díẹ̀, n ó na ọwọ́ sẹ́yìn, n ó tẹ súìṣì náà sísàlẹ̀. Gílóòbù á pọ́n bí ọsàn, màámi á sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ ata.