Àkùkọ Kọ́ Ló Ṣá Jàbárù Lójú

Ìyá ọkọ Ìdáyátù ń rí i lára dé'bi pé bí màmá yẹn bá mu omi tán, Ìdáyátù gbọ́dọ̀ tún ife náà fọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tíì bá a wí o. Ẹ gbọ́ ná.

Àdúgbò Kabusa ni wọ́n ń gbé. Jàbárù, ọkọ rẹ̀, ń tún mọ́tò ṣe ní Apo. Nígbà tí ojú Fuad, àkọ́bí wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í tàn funfun bí ojú ológbò, màmá gbéra láti Ìkìrun, ó ní àjẹ́ ni Ìdáyátù, òun ló ń jẹ ojú ọmọ. Ó ń kán ìtọ̀ màlúù sí i lójú. Ìtọ̀! Nínú ojú ọmọ èèyàn! Ìgbà tí wọ́n fi dé ọsibítù, jẹjẹrẹ ti gba ẹyinjú náà tán. Wọ́n yọ ọ́.

Nígbà tí Ìdáyátù wá bí Misturah, kò dúró gbọ́ ti ẹnì kankan. Ó gbé ọmọ tuntun lọ bá Dókítà Dára, oníṣègùn ojú. Ọkọ tẹ̀ lé e, màmá náà tẹ̀ lé wọn.

"Bàbá Fuad, kí ló ṣe ojú yín kan yẹn?" ni dókítà bi í.

Màmá já lu ọ̀rọ̀: "Àkùkọ ló ṣá a ní kékeré."

"Àkùkọ yín ló tún wá fi ojú oníke sí i?"

Jàbárù dorí kodò. "Irú ti Fuad ni. Ọsibítù ni wọ́n ti yọ ọ́, mi ò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ. Màmá ní tí mo bá sọ, mi ò ní rí ìyàwó fẹ́."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Jíìnì kan wà, ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, tí wọ́n ń pè ní RB. Èròjà tó ń ṣe ni bíréèkì sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹ̀yà bíńtín tó para pọ̀ di ara wa, kì í jẹ́ kó pín sí méjì láìtọ́jọ́. Méjì ni èèyàn máa ń ní, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan látọ̀dọ̀ ìyá. Èyí tẹ́ ẹ fún Fuad ti bàjẹ́. Nígbà tí èkejì náà bàjẹ́ nínú ojú rẹ̀, bíréèkì tán, sẹ́ẹ̀lì ń ya bí eéṣú. Ká ní ẹ sọ ni, à bá ti máa yẹ̀ ẹ́ wò látìgbà tí wọ́n ti bí i."

Ó tan iná sójú Misturah. Ó rí àmì bíńtín kan níbẹ̀. "Ó ṣì kéré. A máa fi iná lésà jó àmì náà lónìí."

Màmá na ọwọ́. "Ìyá Fuad, gbé e wá, kí n gbé e wọlé."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibi tí àrùn yìí ti wá, tẹ́ ẹ pè mí lájẹ̀ẹ́? Kai! Ẹ gbọ́wọ́ yín ńlẹ̀."

"Jọ̀ọ́, ìyá mi ni," Jàbárù ń bẹ̀ ẹ́.

"Ìyá yín ni. Ọmọ mi nìyí."

Ó gbá Misturah mọ́ra, ó tẹ̀ lé dókítà wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn síta.