Ọ̀pá Àṣẹ Kábíyèsí ní Wilhelmsburg

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní Wilhelmsburg, àdúgbò kan lẹ́bàá èbúté ní Jámánì, iṣẹ́ tèmi ní gbogbo Sátidé ni kí n nu ọ̀pá àṣẹ. Bàbá mi ni aṣojú ọba ìlú wa ní Jámánì. Èbúté ló ti ń já ẹrù, ṣùgbọ́n bó bá ti mú ọ̀pá yẹn dání, bí ẹni pé ọba fúnra rẹ̀ ló dúró. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni mo fi ń fọ idẹ orí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo fi ṣe ẹṣin gùn; ìyá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n nawọ́ sókè títí ìrẹsì yóò fi jinná. Ẹ̀yin náà mọ bí ìrẹsì ṣe ń pẹ́ jinná nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi máa ń fi ara rẹ̀ wé gómìnà àgbà tó ṣojú ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà láyé àtijọ́. Ó ní wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Neukölln, tí à ń fi orúkọ àdúgbò wọn ní Berlin pè, ni alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Àwọn ló tọ́ bàbá mi, àwọn ló mú un wá sí Jámánì. Sáà wọn pé, wọn kò fẹ́ lọ, ẹgbẹ́ sì fẹ́ pín sí méjì. Kábíyèsí ránṣẹ́ sí bàbá mi pé kó lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó fipò sílẹ̀. Odindi ọjọ́ méjì ni bàbá mi kò fi lè jẹun dáadáa. Ìyá mi ní kó fi ẹ̀bẹ̀ díẹ̀ kún iṣẹ́ náà. Bàbá mi ní òun kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ tòun kún ti ọba.

A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin. Bí Bàbá Neukölln ṣe ṣílẹ̀kùn, mo fẹ́ sáré dì mọ́ wọn, bàbá mi fà mí sẹ́yìn. Wọ́n rí ọ̀pá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn fúnra wọn. Àánú wọn ṣe mí.

“Kábíyèsí ní kí o fi ipò alága sílẹ̀ lónìí,” ni bàbá mi wí.

“Kí adé pẹ́ lórí,” ni wọ́n wí láti ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà bàbá mi gbé ọ̀pá fún mi, òun náà sì dọ̀bálẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.” Èmi ni mo dá dúró pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, n kò mọ̀ bóyá èmi ni ọba báyìí.

Bàbá Neukölln dìde, wọ́n fọwọ́ kan èjìká bàbá mi. “Dìde. Ṣé o ti jẹun?”

Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja la jẹ.

Lónìí, Kábíyèsí ti ní WhatsApp. Láìpẹ́ yìí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ yọ alága mìíràn, inú S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ni alága náà ti gbọ́ ọ. Ọ̀pá tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi ní Tempelhof, ní Berlin, ọmọ mi ń bi mí pé, “Mama, wofür ist das?” ìyẹn ni pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Iṣẹ́ ọba ń tètè dé ju tàtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bá a wá mọ́. Mo pe alága náà. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun.