Ojú Tí Wọ́n Fẹ́ Rán

Dókítà ojú fi bébà tín-ín-rín kan há ìpénpéjú mi ìsàlẹ̀ láti fi wọn omijé, ó ní kí n dijú. Nígbà tí ó yọ ọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, gbígbẹ ló gbẹ, bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde nínú páálí. Ó kán oògùn aláwọ̀ ọsàn sójú mi, ó tan iná sí i, ó wò ó títí.

"Mà, egbò wà lórí ẹyinjú ọ̀tún yín. Bí kò bá tètè jinná, ẹyinjú náà lè lu."

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ojú mi le. Nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Imusin, èmi ni wọ́n máa ń pè láti gé àlùbọ́sà nígbà ìnáwó. Mo lè gé apẹ̀rẹ̀ kan tán kí omijé má bọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á ní, "Ẹ fọ̀bẹ fún un, ojú ẹ̀ ò mọ ẹkún." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Àìsàn là ń yìn, a ò mọ̀.

Dókítà bi mí nípa oríkèé. Ó ti pẹ́ tí ìka mi ti ń wú láràárọ̀. Làkúrègbé ni mo pè é. Ẹnu mi náà máa ń gbẹ, n kò lè jẹ búrẹ́dì láìsí omi. Ó ní ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀: agbára tí ara fi ń bá àrùn jà ló yíjú sí ara fúnra rẹ̀, ó ti dé ibi tí omijé àti itọ́ ti ń sun.

"Bí oògùn ò bá ṣiṣẹ́, a máa rán ìpénpéjú yín pọ̀ fúngbà díẹ̀, kí egbò yẹn lè jinná."

Télọ̀ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ojú yìí ni mo fi ń jẹun.

"Irú òwú wo lẹ máa fi rán an?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe èyí tí ẹ fi ń rán bùbá, mà."

Èmi ò ṣàwàdà.

Láti ọjọ́ náà, n kò lè jókòó pẹ́. Mo ń lo oògùn oríkèé, mo ń kán tojú ní wákàtí wákàtí. Kí wákàtí mìíràn tó pé, mo máa ń fọwọ́ bo ojú òsì, kí n fi ọ̀tún wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Lẹ́tà rẹ̀ ń rí bí ohun tó wà lábẹ́ omi. N kò gun ọ̀kadà mọ́ nítorí afẹ́fẹ́. Mo pa fáànù nínú ooru ọ̀sán. Ọkọ mi gbé àga rẹ̀ jáde.

"Ìwọ ń sá fún atẹ́gùn, èmi ń sá fún ooru. Ká máa pàdé lẹ́nu ọ̀nà."

Nígbàkígbà tí mo bá padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, àwo nọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ ń yọjú wò, bóyá òwú wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, dókítà tanná sójú mi. Ó ní egbò ti jinná, òun ò ní rán nǹkan kan mọ́. Gbígbẹ yẹn ni kò ní lọ. Títí ayé ni n ó máa kán oògùn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún wò ó. Ó tún un wò.

Ẹ̀gbọ́n mi ń dúró dè mí níta. "Wọ́n rán an?"

"Wọn ò rán an."

Ó bú sẹ́kún níbi tó jókòó sí. Mo jókòó tì í, mo yọ ìgò oògùn nínú báàgì, mo kán ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sójú méjèèjì.