Gbígbẹ Tí Mo Fi Yangàn

Bí iyọ̀ ni ohun tó wà nínú dáípà ṣe máa ń rí kí omi tó kàn án. Tí omi bá ti kàn án, á wú, á sì máa yọ̀ lọ́wọ́ bí ògì tó dì. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo tú ọ̀kan wò nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, nílé wa ní Akóbọ̀. Mo da ife omi kan sí òmíràn, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó gbẹ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ìlédìí aláṣọ kò ní kan ìdí ọmọ mi.

Ìyá ọkọ mi, tó ti Èkìtì wá bá wa tọ́mọ, kò fara mọ́ ọn.

"Ìyàwó mi, tí aṣọ ò bá tutù sí mi lọ́wọ́, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ọmọ tọ̀?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Iṣẹ́ dáípà nìyẹn."

Wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i lórí ìdúró. Èmi kò tilẹ̀ gbójú sókè wò.

Ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan nígbà tí ibà mú un, tó sì ń bì. Ibà yẹn nìkan ni mò ń ṣọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru ara kò kúrò ní abíyá rẹ̀. Màmá béèrè bóyá ó tọ̀. Mo tẹ dáípà, ó gbẹ, mo ní ó ti fa gbogbo rẹ̀ mu. Wọ́n ní ká tú u, ká fi aṣọ dì í. Mo ní òtútù á mú un. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ojú ọmọ ti jìn, ó ń sunkún láìsí omijé.

Nílé ìwòsàn kan ní Bódìjà, nọ́ọ̀sì tú dáípà náà, ó gbé e lọ́wọ́, ó fúyẹ́. Dáípà kò fa nǹkan kan mu. Ọmọ náà ni kò ní omi lára mọ́ tí yóò tọ̀.

"Ta ló wà pẹ̀lú ọmọ yìí tí kò mọ̀ pé kò tọ̀ látàárọ̀?"

Màmá ló dáhùn. "Èmi ni, nọ́ọ̀sì. Ojú àgbà ni."

"Màmá, ṣebí ẹ ti bímọ rí?"

Ọkọ mi, tó sáré dé láti ibi iṣẹ́, dúró, ó ń wo ìyá rẹ̀. Mo di ọwọ́ ọmọ mú kí wọ́n lè rí iṣan rẹ̀. Omi tí wọ́n fà sí i lára ló dá a padà. Nígbà tó tọ̀ sí mi lára, mo sunkún.

Ó ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Nígbà tí mo bí ìkejì, ọkọ mi ní ká má pe ìyá òun mọ́, pé ọjọ́ orí ti dé sí wọn. Mo ní ó dáa. Ìyá tèmi ló wá. Bí Màmá bá pè lórí fóònù, wọ́n á béèrè bóyá àwọn ọmọ ń jẹun dáadáa, wọ́n á sì ṣàdúrà fún mi. Wọn ò béèrè rí ìdí tí a kò fi ránṣẹ́ sí wọn. Mo ti pinnu lọ́pọ̀ ìgbà pé n ó sọ fún ọkọ mi. Títí di òní, ohun tó mọ̀ ni pé ìyá òun ló gbàgbé láti wo ìdí ọmọ.